Ará Òkè

Ní ìlú tiwa, ìsàlẹ̀ ni àwọn olówó ń gbé.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ dé La Paz, ẹ ó rí i:
inú kòtò àfonífojì ni àwọn ọlọ́lá tẹ̀dó sí,
níbi tí òdòdó ti ń tanná, tí òtútù kì í dé eegun,
tí afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé wọ́n ń fi í ṣòfò.
Àwa tí a kò ní, orí òkè téńté ni wá, ní El Alto,
ọwọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ọ̀run,
ṣùgbọ́n èémí ibẹ̀ tín-ín-rín
bí owó oṣù.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ni ìyá mi, Nemesia Ticona, ń jí.
Yóò di irun méjì, yóò dé fìlà rẹ̀ bíríkítí,
yóò wọ ọkọ̀ tí ń fò lórí okùn irin,
ti aláwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà ti aláwọ̀ ewé,
ilé páànù ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé bíríkì, ilé onígíláàsì.
Ó ti ka adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́kànlá láti òkè.
Kò tíì rí ẹni tó ń wẹ̀ nínú ìkankan.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ń fọ àwo Sẹnyóra Ximena.
Lọ́jọ́ kan, Sẹnyóra jókòó sí kíṣìnnì láìwọ bàtà,
kọfí rẹ̀ ti tutù. Ó ní:
"Nemesia, ẹ̀yin lẹ mọ ayé í jẹ.
Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń jó.
Èmi, oògùn ni mo fi ń sùn.
Owó ò ra ìdùnnú."
Ìyá mi ò fèsì. Orí rẹ̀ wà nínú ààrò,
ó ń ha ọ̀rá.

Ó sín in jẹ fún wa lálẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Gáàsì ti tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ramiro wú bí ọ̀dùnkún nítorí eyín,
ewé koka la fi ń tì í.
Ọ̀tàlénígba bolifiánò ni oníṣègùn eyín bèèrè,
iye kan náà tí wọ́n fi ń gé irun ajá Sẹnyóra.
Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe wí fún un?"
Ó ní, "Kí n wí kí ni? Obìnrin náà ń sunkún.
Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe irọ́."
Ó tún bọ́ọ̀lì aṣọ òtútù sí èjìká.
"Ilé tó móoru ló ti ń sun ún, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́."

Ọdún tí a kan páànù yàrá kejì, Sẹnyóra gòkè wá bá wa yọ̀,
tòun ti ìgò afẹ́fẹ́ lápò, ètè rẹ̀ ti dúdú.
A gbé e jókòó sórí àga tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.
Ó jẹ ọ̀dùnkún tí yìnyín ti fún gbẹ, ó ní ó dùn,
bàbá mi pa àwàdà, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn dé ẹ̀yìn,
lójijì, ó sùn lọ.
Wákàtí méjì. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.
Gbogbo ilé pa rọ́rọ́
bí ẹni pé ọmọ tuntun ni.

Ó jí, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú:
"Nemesia, ẹ wò ó! Láìlo oògùn!
Mo sọ fún yín. Ìbàlẹ̀ ọkàn ń bẹ níbí."
Ìyá mi ń ká aṣọ tó fi bò ó.
"Àìtó afẹ́fẹ́ ni, Sẹnyóra," ó ní.
"Ó máa ń kun àlejò lóorun."

Ó gbàgbé ìgò rẹ̀ sórí tábìlì.
Ramiro fà á símú, èmi náà fà á.
Kò ní adùn kankan.
Ṣùgbọ́n orí tó ń fọ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi dákẹ́ díẹ̀,
mo sì mọ̀, nígbà náà, pé ó ti ń fọ́ mi.
Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ wa. Ó nù ún, ó wé e sínú aṣọ,
ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Ajé,
torí bí ó bá sọnù,
inú owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́.